Bí iná bá lọ kí fáìlì tó kọjá tán: àṣẹ kan tó wúlò fún oníṣọ́ọ̀bù

Oníṣòwò tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwé owó mọ wàhálà yìí dáadáa. Ó fẹ́ kó fódà tí orúkọ àwọn onígbèsè, rìsíìtì àti iye ọjà wà nínú rẹ̀ sínú fíláàṣì, ó fi máòsì fà á síbẹ̀, iṣẹ́ ti dé ìdajì, ni wọ́n bá mú iná lọ. Nígbà tí iná bá padà dé, èwo ló ti kọjá, èwo ló kù? Àwọn kan a tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn a ní ó ti tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́ ni wọ́n á tó mọ̀ pé kò tó.

Àṣẹ kan wà nínú Windows tó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí láìgba kọ́bọ̀. Robocopy ni wọ́n ń pè é, ó sì ti ń bá Windows wá láti ìgbà Vista, tó jáde fún aráàlú ní January 2007. Títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọn kì í fi máòsì fà á. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, ojú dúdú kan yóò ṣí. Bí fódà IweOwo bá wà ní C, tí fíláàṣì sì ń jẹ́ E, ohun tí ẹ máa kọ nìyí:

robocopy C:\IweOwo E:\IweOwo /E /FFT /R:2 /W:5

Orúkọ àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹrù ti ń bọ̀, èkejì ni ibi tó ń lọ. /E ní kó kó àwọn fódà kéékèèké inú rẹ̀ pẹ̀lú. /FFT wà níbẹ̀ nítorí pé aago ọ̀pọ̀ fíláàṣì kì í bá ti kọ̀ǹpútà mu déédéé. Bí iná bá lọ, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀: yóò fo èyí tó ti débẹ̀, yóò kó èyí tó kù.

Ẹ má ṣe yọ /R àti /W o. Bí ètò mìíràn bá di fáìlì kan mú, Robocopy yóò máa gbìyànjú rẹ̀ nígbà mílíọ̀nù kan, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìyẹn ku díẹ̀ kó pé ọdún kan, lórí fáìlì kan ṣoṣo!

Inú ètò orúkọ méjèèjì ni ewu wà. Ẹni tó bá ṣì wọ́n kọ, tó fi fíláàṣì ṣáájú, ìwé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni yóò gorí ti òní, Robocopy kò sì ní béèrè bóyá ó dá a lójú. Èyí tó burú jù ni /MIR tí àwọn kan fẹ́ràn. Ohunkóhun tí kò bá sí níbi àkọ́kọ́, yóò pa á rẹ́ níbi èkejì, kò sì ní bá a nínú Recycle Bin. Bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá ṣèèṣì pa ìwé onígbèsè rẹ́ láàárọ̀, /MIR yóò pa ẹ̀dà rẹ̀ rẹ́ nírọ̀lẹ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi /L sí ìparí àṣẹ náà. Yóò to ohun tó fẹ́ ṣe síta láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ẹ bá rí Older lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì kan, ẹ dúró ná: èyí tí ẹ fẹ́ kó ti gbó ju èyí tó wà níbi tó ń lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ yọ /L, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ sì máa wo lẹ́tà fíláàṣì nínú This PC lójoojúmọ́, torí èyí tó jẹ́ E lánàá lè di F lónìí.