Bí Irin Ti Í Yòrò Nínú Iyọ̀ Tí A Fi Iná Yọ́

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé iyọ̀ a máa yòrò nínú omi. Ṣùgbọ́n bí a bá wí pé irin pẹ̀lú a máa yòrò nínú iyọ̀, ẹlòmíràn lè rò pé àlọ́ ni a ń pa. Òtítọ́ ni, a ó sì ṣe àlàyé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Iyọ̀ ọbẹ̀ kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé ìwọ̀n 801 ti Celsius. Irin rírọ̀ kan tí a ń pè ní sódíọ̀mù ń bẹ nínú rẹ̀. Bí a bá rán agbára mànàmáná kọjá nínú iyọ̀ yíyọ́ náà, sódíọ̀mù yóò jáde ní ìhà kan, afẹ́fẹ́ klorínì yóò sì jáde ní ìhà kejì. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú irin náà a tún yòrò padà sínú iyọ̀ tí ó ti wá.

Kí ni ó fa èyí? Iyọ̀ yíyọ́ kún fún ẹyọ wẹ́wẹ́ tí ó ru agbára mànàmáná. Nígbà tí sódíọ̀mù bá wọ àárín wọn, a jọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀, èyí tí yóò máa rìn kiri láàárín wọn. Iyọ̀ tí ó mọ́ gaara a sì ṣókùnkùn. Bí ooru ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni irin tí ń yòrò ń pọ̀ sí i.

Àdánù ńlá ni èyí. Irin tí ó yòrò, bí ó bá bá klorínì pàdé, a tún di iyọ̀, agbára tí a ná a sì di asán. Nítorí náà, nínú ìléru tí J. C. Downs gbé kalẹ̀ ní 1924, a ń po iyọ̀ kálísíọ̀mù mọ́ ọn kí ó lè yọ́ ní nǹkan bí 600, a sì fi asẹ́ onírin pààlà sí àárín irin àti klorínì.

Bákan náà ni alumíníọ̀mù rí. Ní 1886, Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé, láìgbìmọ̀ pọ̀, rí i pé a lè yọ́ kírayoláìtì, kí a da alúmínà sínú rẹ̀, kí a sì fi mànàmáná yọ irin jáde. Ní ìwọ̀n bí 960 ni ìléru náà ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ pẹ̀lú, irin tí ó yòrò a bá èéfín èédú pàdé, a sì tún padà di alúmínà.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbé ìkòkò alumíníọ̀mù ka iná, kí a rántí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ yọ irin rẹ̀ ní láti ṣọ́ iná gidigidi: bí ooru bá pọ̀ jù, irin yóò padà sínú iyọ̀, bí ó bá sì kéré jù, iyọ̀ yóò dì gbagidi.