Òkúta Gujba, Ìdílé CB

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1984 ni òkúta yìí já láti ojú ọ̀run sínú oko kan nítòsí Gujba, ní ilẹ̀ tó di Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí. Odindi rẹ̀ tó nǹkan bí 100 kìlógíráàmù kí àwọn ará àdúgbò tó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá gé e, tí wọ́n sì dán ojú rẹ̀, àwọn hóró irin roboto á hàn ketekete, tí wọ́n fún mọ́ àwọn hóró òkúta dúdú bí ìlẹ̀kẹ̀ inú igbá ọlọ́jà ní Ọ̀yìngbò.

Ẹ̀yà òkúta oníkábọ́ọ̀nù ni wọ́n kà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí pé oríṣi ọ́síjìn inú òkúta àti bí èròjà rẹ̀ ṣe sún mọ́ ti oòrùn ni wọ́n fi ń pín irú wọn. Ní ọdún 2001, onímọ̀ òkúta ojú ọ̀run Michael Weisberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìdílé CB sílẹ̀, wọ́n sì kó Gujba pọ̀ mọ́ Bencubbin ti Ọsirélíà àti QUE 94411, èyí tí wọ́n ṣà lórí yìnyín Àńtátíkà, níbi tí òkúta dúdú kì í ti í fara pamọ́.

Àwọn hóró rẹ̀ ti tó nǹkan bí 4,562 mílíọ̀nù ọdún, wọ́n sì kéré díẹ̀ lọ́jọ́ orí sí oòrùn: nígbà tí wọ́n dì, eruku àti afẹ́fẹ́ tó yí oòrùn ká, tí ọ̀pọ̀ hóró òkúta ojú ọ̀run ti wá, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí pàtàkì nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé ìkọlù ayé kékeré méjì ló tú ìkùukùu irin àti òkúta yíyọ́ jáde, tí ó sì dì di hóró wọ̀nyí.