Ètò Adójútòfò Ìlera: Owó Díẹ̀ Kí Àìsàn Tó Dé

Káàdì lówó, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lówó, oògùn lówó. Bí dókítà bá sì ní kí aláìsàn sùn sí ilé ìwòsàn, wọ́n á tún ní kí ẹbí rẹ̀ lọ san owó sílẹ̀ ná. Nínú gbogbo owó tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 nínú 100 tó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ọjà ń bá lọ, ibẹ̀ náà ni gbèsè ti ń wọlé.

Adójútòfò fi díẹ̀ jọ èésú: ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá owó jọ nígbà tí ara wọn ṣì le. Àmọ́ èyí kì í yípo. Ẹni tí àìsàn bá dé bá ni wọ́n ń fi owó náà tọ́jú.

Ọdún 1999 ni òfin ètò yìí kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà, oṣù kẹfà ọdún 2005 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Aláta, télọ̀ àti ọlọ́kadà wà níta. Ìyẹn kò dára, nítorí àwọn gan-an ni àìsàn ọjọ́ mẹ́ta lè ba òwò wọn jẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun tó dá àjọ NHIA sílẹ̀, tó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Òfin náà tún ya àpò owó kan sọ́tọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, aboyún, arúgbó, aláàbọ̀ ara àti tálákà.

Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn. Ilera Eko ni ti Èkó, àjọ OYSHIA ló ń bójú tó ti Ọ̀yọ́. Ní oṣù keje ọdún 2024, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu pàṣẹ pé dandan ni adójútòfò ìlera fún ará Èkó. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé aboyún tí kò lówó lọ́wọ́ kò ní sanwó iṣẹ́ abẹ ìbímọ mọ́ ní àwọn ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò náà.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN ṣe pàtàkì fún ìforúkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni olúwarẹ̀ yóò yan ilé ìwòsàn kan, ibẹ̀ ni yóò sì máa kọ́kọ́ lọ. Nínú ètò òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn ni aláìsàn ń san: bí oògùn bá jẹ́ ₦6,000, ₦600 ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò ló ní àsìkò ìdúró kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹni tó dúró di ìgbà tí ibà dá a dúbúlẹ̀ ti pẹ́ jù.

Bí àìsàn bá ju agbára ilé ìwòsàn náà lọ, ilé iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ fún wọn ní nọ́ńbà àṣẹ kí wọ́n tó gbé aláìsàn lọ sí èyí tó tóbi. Láti ọdún 2025, NHIA ti pàṣẹ pé nọ́ńbà yìí kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí kan lọ kí ó tó jáde. Kí ẹbí aláìsàn kọ àkókò tí ilé ìwòsàn béèrè fún nọ́ńbà náà sílẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, ọ́fíìsì NHIA ni kí wọ́n mú ẹjọ́ náà lọ.