Ọ̀nà kan ò wọjà: Ẹ̀kọ́ tí oníṣòwò lè rí kọ́ lára Nduka Odizor

Télọ̀ tó wà l'Ẹ̀gbẹ́dá, ẹni tó ń ta símẹ́ńtì n'Ígàndó àti ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà Ìkòtún, gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń sanwó oṣù fún àwọn. Ọjọ́ tí ọjà bá tà ni owó ń wọlé. Ọjọ́ tí kò bá tà, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó epo jẹnẹrétọ̀ kò ní torí ẹ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún ẹni tó bá fi tẹníìsì ṣiṣẹ́ jẹ.

Agbábọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ ní kíláàbù tó ń sanwó fún un, yálà ó gbá a wọlé o, tàbí kò gbá a wọlé. Ti onítẹníìsì kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sanwó ọkọ̀ òfuurufú, owó òtẹ́ẹ̀lì àti owó ẹni tó ń kọ́ ọ. Ipò rẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ náà dà bí ọjà tó ń bàjẹ́: àṣeyọrí ọdún kan péré ni wọ́n ń kà fún un.

Nínú irú iṣẹ́ yìí ni Nduka Odizor, tí wọ́n bí l'Ékòó lọ́dún 1958, ti lórúkọ. Ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn tó ń gbá tẹníìsì ni tẹ́lẹ̀. Robert Wren, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan ní Yunifásítì Èkó, ló rí ẹ̀bùn rẹ̀, tó sì ràn án lọ́wọ́ títí tó fi wọ Yunifásítì Houston. Lọ́dún 1981, Odizor sọ tẹníìsì di iṣẹ́.

Ọdún 1983 ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ní Wimbledon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Guillermo Vilas, ògbóǹtarìgì ọmọ Argentina, kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Odizor kò jáwọ́, ó gba mẹ́ta tó kù. Ó dé ìpele kẹrin kí Chris Lewis tó dá a dúró. Lọ́dún yẹn kan náà ló gba ife-ẹ̀yẹ nílùú Taipei. Nígbà tó di 1984, ó wà nípò 52 lágbàáyé.

Ibi tó yẹ kí oníṣòwò fọkàn sí rèé. Ife-ẹ̀yẹ tí Odizor dá gbà kò ju 1 yẹn lọ. Àmọ́ nínú ìdíje tí èèyàn méjì máa ń jọ gbá, 7 ló gbà, ó sì dé ipò 20 níbẹ̀. Owó ọkọ̀ kan náà ló san, ọjà méjì ló pàtẹ. Bí wọ́n bá lé e nínú èyí tó ń dá gbá, ó ṣì ní ìkejì.

Owó kò sì pọ̀ nígbà náà bíi tòní. £66,600 ni John McEnroe gbà nígbà tó borí gbogbo wọn ní Wimbledon 1983. Lọ́dún 2025, £66,000 ni ẹni tí wọ́n nà ní ìpele àkọ́kọ́ pàápàá mú lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Aṣọ òde ló ń fún télọ̀ lórúkọ, àmọ́ aṣọ iléèwé àti àtúnṣe lè máa sanwó ṣọ́ọ̀bù nígbà tí kò bá sí ayẹyẹ. Ẹni tó ń ta símẹ́ńtì lè fi ìṣó àti wáyà kún un, torí oníbàárà tó ń kọ́lé yóò béèrè wọn. Ṣùgbọ́n kó má lọ ra fíríjì láti fi ta ẹja. Odizor kò kúrò nídìí tẹníìsì lọ gbá bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀. Rákẹ́ẹ̀tì kan náà ló fi ṣe méjèèjì.

Lọ́dún 1988, nígbà tó pé ọmọ 30 ọdún, òun àti Tony Mmoh jọ ṣojú Nàìjíríà ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Seoul. Ara kì í gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ayé, bí ọjà kò ṣe ń tà lójoojúmọ́. Kí oníṣòwò wo ọjà tó fún un lórúkọ àti èyí tó ń sanwó ṣọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣe méjèèjì, àsìkò tó láti wá ìkejì, kí ọjà tó dá.