Amọ̀, Omi àti Èéfín: Bí A Ṣe Ń Pèsè Iyanrìn fún Irin Dídà ní Ilé

1.0 Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni ọ̀nà tí ẹni tí ó ń da irin ní ilé, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìgbafẹ́, lè gbà pèsè iyanrìn rẹ̀. Irin tí a ń wí níhìn-ín kò mọ sí irin dúdú nìkan. A ka idẹ àti alumíníọ̀mù mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí a máa fi gbogbo ọkàn sí iná àti ìkòkò ìyọ́rin, wọn a sì ka iyanrìn sí ohun tí a kàn ń bù nílẹ̀. Nígbà tí ohun tí wọ́n dà bá wá kún fún ihò wẹ́wẹ́, wọn a ní iná ni kò mú tó. Èrò tiwa ni pé inú iyanrìn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá ẹ̀bi náà lọ, àti pé nínú iyanrìn ọ̀hún, omi ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè.

Kì í ṣe inú iyanrìn nìkan ni a ń da irin sí. Àwọn orí idẹ tí a hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, ìda àti amọ̀ ni a fi ṣe wọ́n. A fi ìda mọ àwòrán, a fi amọ̀ bò ó, a yọ́ ìda náà kúrò, a sì da irin yíyọ́ sí ipò rẹ̀. A ní láti fọ́ amọ̀ náà kí ère tó jáde, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó wúlò. Iyanrìn ní tirẹ̀ ṣeé tú, ó sì ṣeé tún lò. Ní 1707, Abraham Darby gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀nà tí a fi ń da ìkòkò irin nínú iyanrìn. Àwọn tí ń yọ́ àfọ́kù alumíníọ̀mù di ìkòkò ọbẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, inú iyanrìn ni àwọn náà ń dà á sí.

2.0 Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí iyanrìn ṣe

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yéni, a ó pe ohun tí a fẹ́ da irú rẹ̀ ní àwòṣe. A ó gbé àwòṣe sínú àpótí tí kò ní ìdí, a ó gún iyanrìn mọ́ ọn, a ó sì fà á yọ. Ihò tí ó bá fi sílẹ̀ ni irin yíyọ́ yóò kún. Iyanrìn tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní àbùdá mẹ́ta:

(a) kí ó lè di ara rẹ̀ mú, kí ihò náà má baà wó;
(b) kí ó lè fara da ooru;
(d) kí àlàfo wà láàrin hóró rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ àti èéfín omi yóò gbà jáde.

Àbùdá kejì kò ní wàhálà púpọ̀. Alumíníọ̀mù a máa yọ́ ní 660 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì. Òkúta funfun tí ó pọ̀ jù lọ nínú iyanrìn odò kì í yọ́ àyàfi bí ooru bá kọjá 1,600. Àbùdá kìíní àti ìkẹta ni kò bára wọn dọ́rẹ̀ẹ́. Amọ̀ tí ó ń so hóró iyanrìn pọ̀ náà ni ó ń dí àlàfo àárin wọn. Bí a bá fi amọ̀ kún un kí ó lè lágbára, ọ̀nà èéfín a dínkù. Bí a bá dín amọ̀ kù kí èéfín lè jáde, ihò a wó. Ìpèsè iyanrìn kò ju wíwá ibi tí àwọn méjèèjì ti lè jọ gbé pọ̀ lọ.

3.0 Àwọn èròjà

3.1 Iyanrìn: Iyanrìn odò tí ó mọ́ ni ó dára. Ti etí òkun ní iyọ̀ àti èérún ìkarahun nínú, ìkarahun a sì máa tú afẹ́fẹ́ jáde nínú ooru irin dúdú. A ó sá iyanrìn gbẹ, a ó sì fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré bíi ti asẹ́ ẹ̀lùbọ́ kù ú. Èyí tí ó kúnná jù ń fún ohun tí a dà ní ara dídán, ṣùgbọ́n àlàfo rẹ̀ kéré. Èyí tí kò kúnná ń jẹ́ kí èéfín jáde, ṣùgbọ́n ara ohun náà kò ní dán.

3.2 Amọ̀: A lè lo amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò ń lò. A ó sá a, a ó gún un nínú odó, a ó sì kù ú. Bẹ́ntónáìtì, irú amọ̀ tí àwọn tí ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ń lò, lágbára jù ú lọ. Símẹ́ńtì kò lè dípò amọ̀, nítorí pé bí ó bá ti gan, a kò lè tún un pò mọ́.

Iyanrìn mìíràn ní amọ̀ nínú láti ibi tí a ti bù ú. Láti mọ èyí, kí a bu ú sí ìdajì ìgò, kí a fi omi kún un, kí a mì ín, kí a sì gbé e kalẹ̀. Hóró iyanrìn yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀ kíákíá. Amọ̀ yóò wà nínú omi fún wákàtí púpọ̀ kí ó tó rọ̀ lé e lórí. Bí ìpele òkè náà bá nípọn, a ó dín amọ̀ tí a fẹ́ fi kún un kù.

4.0 Pípo iyanrìn

Fún kìlógíráàmù 10, a lè fi iyanrìn gbígbẹ 9 sí bẹ́ntónáìtì 1. Bí ó bá jẹ́ amọ̀ amọ̀kòkò, iyanrìn 8.5 sí amọ̀ 1.5 ni a lè fi bẹ̀rẹ̀. A ó pò wọ́n ní gbígbẹ títí àwọ̀ wọn yóò fi di ọ̀kan, a ó sì bo imú wa, nítorí pé eruku iyanrìn a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìní àtúnṣe.

Lẹ́yìn èyí ni omi kàn. Bẹ́ntónáìtì yóò gba nǹkan bíi mìlílítà 300 sí 400. Amọ̀ amọ̀kòkò lè gba 500 sí 600. Wíwọ́n ni a ń wọ́n ọn, a kì í dà á. A ó máa yí i, a ó sì máa fi ẹsẹ̀ tàbí igi tẹ̀ ẹ́. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí ni ó ń fi amọ̀ ra ara hóró kọ̀ọ̀kan. A ó wá fi ọ̀rá bò ó di ọjọ́ kejì, kí omi lè rin gbogbo rẹ̀ dọ́gba.

Àtẹ́lẹwọ́ ni òṣùwọ̀n. Kí a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí a fún un pọ̀, kí a sì la ọwọ́. Bí ojú ìka bá hàn kedere lára rẹ̀, tí ọwọ́ wa kò sì rin, kí a ṣẹ́ ẹ sí méjì. Bí ibi tí ó ti ṣẹ́ bá mú ṣáká, ó tó lò. Bí ó bá ń já wómúwómú, omi tàbí amọ̀ kò tó, tàbí kí a má tíì tẹ̀ ẹ́ tó. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, omi ti pọ̀ jù.

5.0 Omi gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá

Láìsí omi, amọ̀ kò lè so ohunkóhun pọ̀. Ṣùgbọ́n omi tí ó bá di èéfín a máa fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 1,600. Ṣíbí kékeré kan, tí kò ju mìlílítà 5 lọ, yóò di lítà 8. Bí èéfín yìí bá rí àlàfo, yóò bá tirẹ̀ lọ. Bí kò bá rí i, inú irin yíyọ́ ni yóò kọrí sí, òun sì wà lára ohun tí ń fa ihò wẹ́wẹ́ tí a ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru iná. Bí omi bá wá pọ̀ débi pé irin bò ó mọ́lẹ̀, yóò tú irin náà sókè lójijì, ojú àti ara adàrin ni yóò sì bà lé. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nítorí náà, a ó fi wáyà tín-ín-rín gún iyanrìn náà níhò káàkiri, láìjẹ́ kí ó dé ara àwòṣe. A kò gbọdọ̀ da irin lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì lásán, nítorí pé símẹ́ńtì ní omi nínú. Iyanrìn gbígbẹ ni a ó tẹ́ sílẹ̀. A ó bo ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

6.0 Àtúnlò

Ibi tí irin bá ti kan iyanrìn yóò jóná, amọ̀ ibẹ̀ yóò sì kú. Omi kò lè jí i mọ́. A ó ha ìpele náà dànù, a ó fi iyanrìn àti amọ̀ tuntun dípò rẹ̀, a ó sì tún un dán wò lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá kàn ń bu omi lé òkú amọ̀ ń fi ewu kún ewu ni.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé iyanrìn kì í ṣe ohun tí a kàn ń bù nílẹ̀. Agbára rẹ̀ àti àlàfo rẹ̀ ń bá ara wọn jà, omi sì ni ó wà láàrin wọn. Ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀ níhìn-ín jẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀ lásán, nítorí pé amọ̀ odò kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ẹni tí ó bá kọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti mọ iyanrìn tí ó tó lò ni yóò rí ohun tí ó dára dà, òun náà ni yóò sì fi ara líle kúrò nídìí iná.