Ọjọ́ Orí Ilé àti Ọjọ́ Orí Ìwé

Kókó tí a fún mi ni jíjẹ́ olóòótọ́ sí ara ẹni àti sí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, nítorí náà mo mú ẹyọ kan níbẹ̀: irọ́ tí a ń pa nípa ọjọ́ orí wa, èyí tí ọ̀pọ̀ kò kà sí irọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ni kò ní ìwé ìbí. Ní ọdún 1992, òfin kan jáde tí ó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan káàkiri Nàìjíríà. Nígbà tiwa, bí ọmọ bá ti lè na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kan etí òsì, ó tó ilé ìwé lọ nìyẹn. Àwọn òbí wa tí iṣẹ́ kùsà àti òwò gbé dé ìlú Jọ́ọ̀sì á ní ọdún òmìnira ni wọ́n bí wa, tàbí ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó fi irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣírò, tí ó búra sí i ní kóòtù, tí ó sì di ọjọ́ kan náà mú níbi gbogbo, kò purọ́. Òpùrọ́ ni ẹni tí ó mọ ọdún tí wọ́n bí i, tí ó lọ búra pé òun kéré.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Òfin iṣẹ́ ìjọba ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ní ẹni 60 ọdún tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá ṣáájú. Ẹni tí ó gé ọdún márùn-ún kúrò lè fi ọdún márùn-ún kún owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìgbéga tọ́ sí wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tí ó jáde ní yunifásítì tí kò ríṣẹ́ sì wà lẹ́yìn ìyẹn.

Bọ́ọ̀lù wa kọ́ wa lọ́gbọ́n. FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa mẹ́ta ní Òlíḿpíìkì 1988 yàtọ̀ sí èyí tí a ti kọ sílẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n fòfin de àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa fún ọdún méjì, wọ́n sì gba ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 kúrò lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ó jìyà rẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ọjọ́ orí ni a fi ń mọ ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kejì. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo rí fáìlì tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ ìyá kan náà, tí ìwé ti sọ àbúrò di ẹ̀gbọ́n. Mo tún mọ ìdílé kan tí bàbá wọn kú sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá tẹ 66 sí pósítà ìsìnkú, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ní 59, owó tí ó tọ́ sí wọn lè há. Bí wọ́n bá tẹ 59, gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé irọ́ ni. Níkẹyìn wọn kò tẹ ọjọ́ orí kankan.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Láti ọdún 2014 tí BVN ti dé, tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN sì ti kún un, ìrìn àjò ọjọ́ kan yẹn ti yá sí i. Òfin iṣẹ́ ìjọba sì ka yíyí àkọsílẹ̀ padà sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Wọ́n fi ọ̀nà yìí lọ èmi náà, mo kọ̀. N kò ní tàn yín: owó ìfẹ̀yìntì mi kò tètè jáde, òtítọ́ kò sì ra gàrí fún wa ní àwọn oṣù wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ-ọmọ mi bá bi mí pé ẹni ọdún mélòó ni mí, èsì kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ jẹ́ kí a forúkọ àwọn ọmọ wa sílẹ̀ nígbà tí a bá bí wọn, kí a má sì kọ́ wọn ní ọjọ́ orí méjì.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a gbó, kí a tọ́, kí a sì lè ka ọdún wa sókè láìbojú wẹ̀yìn. Àmín.