Ẹrù Tí Oríkèé Ìbàdí Ń Rù

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde dúró. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, kí ẹ fi ti ọ̀tún nìkan dúró. Ẹ wá fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí yín lápá ọ̀tún. Ẹ ó rí i pé ẹran ibẹ̀ ti le koko. Iṣẹ́ wo ni ẹran náà ń ṣe?

Orí eegun itan rí rogodo, ó sì wọ inú ihò kan tó dà bí ife lára eegun ìbàdí. Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ kan dúró, ara a fẹ́ ṣubú sí ìhà kejì. Ẹran ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ni ó ń fà á padà. Ẹ rántí pátákó tí àwọn ọmọdé ń gbé lé orí ìtì igi fi ṣeré. Ẹni tó jókòó súnmọ́ ìtì igi gbọ́dọ̀ wúwo ju ẹni tó jìnnà sí i, kí pátákó tó lè dúró déédéé.

Ká ní ẹnì kan wúwo tó 60 kílò, tí ẹsẹ̀ tó fi dúró sì jẹ́ 10 nínú rẹ̀. Ó ku 50 kílò lórí oríkèé. Bí ìwúwo yìí bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí oríkèé, tí ẹran sì fi 5 péré jìnnà sí i, ẹran ní láti fi agbára 100 kílò fà. Ẹ ro 100 mọ́ 50: oríkèé ń ru bíi 150 kílò, ìlọ́po méjì àbọ̀ ìwúwo ẹni náà! Friedrich Pauwels, dókítà ará Jámánì, ti ń ṣe irú ìṣirò yìí ní 1935.

Ìdí nìyí tí ẹni tí ìbàdí ọ̀tún ń dùn fi gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ òsì mú ọ̀pá. Ọ̀pá náà jìnnà sí oríkèé. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, iṣẹ́ ẹran a fúyẹ́ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń rìn, tàbí tó ń gun àtẹ̀gùn, ẹran púpọ̀ ni ó ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣirò náà di ti kọ̀ǹpútà. Ní 1990, Scott Delp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àwòrán ẹsẹ̀ kan jáde nínú kọ̀ǹpútà, tí ẹran inú rẹ̀ dà bí okùn, kí dókítà lè rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá ṣí okùn kan nípò. Ní Berlin, Georg Bergmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń wọn agbára sínú oríkèé àtọwọ́dá. Bí àwọn tó ní i ti ń rìn, a rí i pé ẹrù náà tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ìwúwo wọn.

Lóde òní, ẹ̀rọ a ya eegun aláìsàn ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ẹni gé búrẹ́dì; kọ̀ǹpútà a sì tò ó pọ̀ di odidi. Dókítà oníṣẹ́ abẹ a gbé oríkèé tuntun sí i nínú àwòrán. Ṣé ó bá a mu? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì yóò dọ́gba? Bí aláìsàn bá kúnlẹ̀ tàbí tó lóṣòó, ṣé ọrùn irin náà yóò gbá etí ife, kí ó sì yọ? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a yí i padà kí ọ̀bẹ tó kan ara.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde a máa pa orí eegun itan àwọn ọ̀dọ́ wa, a sì máa mú kí ihò inú eegun náà dí tàbí kí ó le. Ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ ti rí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí irin má baà lu eegun já.

Ohun tí a bá sọ fún kọ̀ǹpútà ni ó mọ̀. Bí ìwọ̀n tí a fún un kò bá pé, èsì rẹ̀ kò ní pé. Kò sì lè gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń tiro, tí abẹ́nú itan sì ń dùn ún, ẹ má fi òróró pa á lásán. Ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù.